Igi Tó Ń Mú Ọta Márùn-ún Gba Ihò Kan

Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ẹ máa ń bá pàdé jù lójú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn ni a gbé dé. Kí àyà ẹnikẹ́ni má ṣe já. Ìbọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pa ènìyàn, kì í sì í pa ẹran. Bébà nìkan ni ó ń lu, orí tábìlì ni ó sì ń gbé. Bí ọdẹ bá gbé e wọ igbó, wàhálà ni yóò fi í kó bá ara rẹ̀, nítorí ohun tí ìka ń fà lára rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára tó tó ìwọ̀n gíráàmù 57 péré ti lè mú un yìn, ọta kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ohun méjì ló mú wa kọ ọ́. Èkíní ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ wú wa lórí. Èkejì ni pé a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan láàárín wa, pàápàá àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè Ọya, pé èdè Yorùbá dára fún oríkì àti ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀rọ, kí a yáa lọ gbé Gẹ̀ẹ́sì wá. A fẹ́ dán an wò.

Eré ìdárayá kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní benchrest. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gbilẹ̀. Ní ọdún 1947, wọ́n ṣe ìdíje kan tó lókìkí ní Johnstown ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ NBRSA ti wà láti máa ṣe òfin rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn, IBS, tẹ̀lé e ní 1970. Ẹni tó ń díje kì í dúró, kì í sì í dọ̀bálẹ̀. Orí àga ni ó ń jókòó sí níwájú tábìlì tó wúwo, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi kọnkéré ṣe kí ó má baà mì. Àpò yanrìn kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, ìbọn a sì nà sórí méjèèjì. Bébà wà lọ́ọ̀ọ́kán ní yáàdì 100 tàbí 200. Wọn a fún un ní ìṣẹ́jú 7 láti yin ọta márùn-ún.

Ibi tí eré yìí ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ni pé wọn kì í bèèrè bóyá ọta bá àárín àmì. Lóòótọ́, oríṣi kan wà tí wọ́n ti ń ka máàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń sọ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé báwo ni ihò márààrún ṣe sún mọ́ra tó? Wọn a wo ihò méjì tó jìnnà síra jù lọ, wọn a wọn ọ́n láti àárín èkíní dé àárín èkejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ní ọdún 1973, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mac McMillan yin márùn-ún ní yáàdì 100, ìwọ̀n tí wọ́n sì rí jẹ́ ínṣì 0.009. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà! Ogójì ọdún ni ohun tó ṣe yìí fi dúró kí Mike Stinnett tó yin ínṣì 0.0077 ní 2013.

Ihò kan ṣoṣo ni ojú ń rí nínú irú bébà bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni adájọ́ ṣe ń mọ̀ pé ọta márùn-ún ló gba ibẹ̀ kọjá, tí kì í ṣe pé ẹnìkan yin ẹyọ kan síbẹ̀ tó sì yin ìyókù sínú ebè? Wọn a gbé bébà mìíràn sẹ́yìn èyí tí wọ́n ń yìn sí, ẹ̀rọ a sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bébà iwájú a ní ihò kan, ti ẹ̀yìn a ní márùn-ún. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ wa púpọ̀.

Bí ẹ bá bi ènìyàn pé kí ló mú ìbọn ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ní ọ̀pá ìbọn ni, tàbí ọta, tàbí ojú ẹni tó ń yìn ín. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí a kì í kà kún, bóyá nítorí pé kò ní irin tó ń dán: igi tí a gbé ìbọn lé. Òun ni a fẹ́ sọ.

Kí a tó máa bọ̀, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí orúkọ, nítorí púpọ̀ nínú wa kò tẹ̀lé ọdẹ rí. Ọ̀pá ìbọn ni irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Ilé ọta ni irin tó wà lẹ́yìn ọ̀pá náà, níbi tí a ti ń ki ọta. Awò ni ohun tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán, àmì bí àgbélébùú sì wà nínú rẹ̀ tí a fi ń fojú sun bébà. Gbogbo ìwọ̀nyí jókòó sórí igi. Apá igi náà tó wà lórí àpò yanrìn ti iwájú, a ó pè é ní iwájú igi. Apá tó wà lórí àpò ti ẹ̀yìn ni ìdí ìbọn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni igi ìbọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́, òmíràn nínú wọn kò ní igi kankan nínú.

Igi ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, ara ọdẹ ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé gbé kọ́ èjìká rin igbó lóru, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé gbé sójú kíákíá kí ẹran tó sá. Igi ìbọn orí tábìlì kò mọ èjìká ẹnikẹ́ni. Àpò yanrìn ni ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lẹ́wà lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i: iwájú rẹ̀ gbòòrò bí pákó, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ kò sì rí ibi gidi kan dì mú. Ẹ má ṣe tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá yìn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná a mú ẹ̀tù, èéfín gbígbóná a ti ọta síwájú, a sì ti ìbọn sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí ọta bá ti jáde tán ni ìbọn ń sún sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọta bá ti gbéra ni ìbọn náà ti gbéra. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ọta tó gba ìjọba eré yìí ni 6 PPC, tí Louis Palmisano àti Ferris Pindell gbé jáde ní 1975. Orí ọta rẹ̀ tí ń fò lọ wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 4.4, ẹ̀tù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí gíráàmù méjì. Ìbọn náà ńkọ́? Kílógíráàmù 4.8 ni. Láàárín ìgbà tí ọta yóò fi rin ínṣì 20 nínú ọ̀pá kí ó tó bọ́ síta, tí kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ìbọn ti sún sẹ́yìn ní ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì mílímítà.

Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ìdajì mílímítà fẹ́ bàjẹ́. Ó dára. Ẹ já bébà kan látinú ìwé tí ẹ fi ń kọ nóòtì. Nínípọn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Ká ní àpò yanrìn iwájú àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 50. Bí ẹ bá ki bébà kan ṣoṣo yìí bọ abẹ́ iwájú igi, ọta tí ẹ bá yìn yóò bọ́ sí mílímítà 18 sókè ibi tó yẹ kó bọ́ sí ní yáàdì 100. Bébà kan o! Mílímítà 18 sì fẹ̀ ju ohun tí McMillan yìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní àádọ́rin. Nítorí náà, bí ìbọn bá yà sọ́tùn-ún nígbà tó ń sún ìdajì mílímítà yẹn, tàbí tí ìdí rẹ̀ bá wọlẹ̀ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, eré ti bàjẹ́ kí ọta tó rí ìta.

Kò sí ẹni tó lè ní kí ìbọn má sún. Ohun tí à ń bẹ̀ ẹ́ ni pé ọ̀nà tó gbà sún lẹ́ẹ̀kíní ni kó gbà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀karùn-ún, kí ó sì padà sí ojú ibi kan náà tí a bá tún ti í síwájú. Iṣẹ́ igi ìbọn nìyẹn. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni ó dá lé.

Ẹ wo iwájú igi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 3. Òfin ni kò gbà kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsọ̀rí ìbọn tó wọ́pọ̀ jù, kò sì gbà kí inú rẹ̀ jìn bí ọpọ́n. Tí kì í bá ṣe pé ó tẹ́, kí ó rí roboto síta. Kò sí oníṣẹ́ tí kò lo ínṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tán. Ìdí ni pé inú ọ̀pá ìbọn ní ìlà tó lọ́ bí okùn, òun ni ó ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó kí ó lè fò geerege. Bí ọta bá ń yí sọ́tùn-ún, ìbọn a fẹ́ yí sósì. Igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú yóò gbà fún un, yóò sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó gbòòrò yóò jókòó bí ìyálọ́jà, kò ní í mira.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú igi gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí àárín ìfọwọ́mú méjì àpò yanrìn ni ó ti ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Bí ibì kan bá fi nínípọn bébà fẹ̀ ju ibì kejì lọ, àpò á fún un mọ́ra nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ìdí ìbọn náà jókòó sáàárín etí méjì tí wọ́n fi awọ rán sórí àpò ẹ̀yìn, tó rí gan-an bí etí ehoro. Ibi tí ọ̀pọ̀ igi ìbọn tí ilé-iṣẹ́ ń pọn jáde ti ń kùnà ni pé ìlà iwájú àti ìlà ìdí kò bára mu. Kí a na okùn òwú láti ẹnu ọ̀pá gba àárín iwájú igi dé àárín ìdí: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn kan ṣoṣo náà. Bí ìdí bá yẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀lé ti iwájú bá ń lọ ni. Awakọ̀ yóò máa ja ìtọ́kọ̀ ni ṣáá.

Ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tó wu oníṣẹ́ ni kí ó tẹ́ gbọọrọ, kí ó bá ọ̀pá ìbọn dọ́gba, kí ìbọn lè máa yọ̀ sẹ́yìn láìlọ sókè láìlọ sódò. Òfin kọ̀ fún un ní ìsọ̀rí ìbọn pọ́n-ùn 10.5 àti pọ́n-ùn 13.5: ìdí gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ sẹ́yìn, bíi ti ìbọn tí ènìyàn lè gbé lọ síta. Bí irú ìdí bẹ́ẹ̀ bá ń yọ̀ sẹ́yìn lórí àpò, apá tó ga ní í ń bọ́ sórí àpò náà, ìdí a wọlẹ̀ díẹ̀, ẹnu ìbọn a gbéra sókè, àmì inú awò a sì gun bébà lọ. Wọ́n ń gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba gẹ̀rẹ́ tí òfin bá ní kó dà náà ni wọ́n ń jẹ́ kó dà. Ìsọ̀rí kan wà tí wọn kò fi ìwọ̀n dè. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n ju igi nù pátápátá, wọ́n gbé ìbọn lé orí irin méjì bí ọkọ̀ ojú irin, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé òfin ni ó dá igi ìbọn sí. Lójú tiwa, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìbọn orí irin kò ní ẹwà kankan. Ẹ̀rọ ìlọta lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó gba ọgbọ́n jù. Pọ́n-ùn 10.5 ni wọ́n ní kí ìbọn kékeré má kọjá, awò pẹ̀lú rẹ̀. Ó dà bí owó oúnjẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù kan. Ohun tí o bá fi ra bàtà, o kò ní í rí i fi ra gàrí. Ọ̀pá ìbọn tó nípọn ni gbogbo wọn ń fẹ́, nítorí èyí tó nípọn kì í tètè gbóná, kì í sì í gbọ̀n bí pàṣán. Awò kò ṣeé gé kúrú. Ilé ọta irin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń fi aluminí ṣe é. Ara igi nìkan ló kù tí a ti lè jí nǹkan bù. Igi ìbọn tí wọ́n gbẹ́ látara igi líle lè wọn pọ́n-ùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa fún ìdíje lè má ju méjì lọ. Pọ́n-ùn kan tó kù yẹn, ọ̀pá ni wọ́n ń fi jíǹkí. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, nítorí igi tó fúyẹ́ tó sì rọ̀ kò wúlò. Bó bá ń tẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá tó wúwo, gbogbo ìlà tí a fi òwú wọ̀n ti di òfo. Kí ó fúyẹ́, kí ó sì le gbagidi: ohun méjì tí kì í sábà gbé inú ilé kan náà.

Bí wọ́n ṣe wá ohun tó ní ìwà méjèèjì yìí ni ìtàn igi ìbọn láti ọdún 1960 wá. Igi wálnọ́ọ̀tì ni wọ́n ń lò látayébáyé. Ó lẹ́wà, ó ṣeé gbẹ́, kì í tètè là. Àléébù rẹ̀ ni pé igi ni. Gbogbo igi ló ń mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n: ilẹ̀kùn tí ẹ ń fi èjìká tì kó tó pa dé ní oṣù kẹjọ, bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ á máa gba etí rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn kan náà ni. Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ìdíje, igi á wú, á ti ilé ọta síbì kan, ìbọn tó yin ihò kan lánàá á sì di èyí tó ń fọ́n ọta káàkiri. Wọ́n gbìyànjú láti máa lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ bíi pláíwúùdù kí ojú igi má baà jọ fà sápá kan náà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, Chet Brown àti Lee Six ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe é, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbà sínú àpẹẹrẹ tí wọ́n ti gbẹ́, wọ́n á fi oje rẹ̀ kùn ún, bó bá gbẹ tán ó di èèpo líle, inú rẹ̀ sì ṣófo bí agbè. Fóòmù tó fúyẹ́ ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Gale McMillan náà dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Arizona ní 1973. Láàárín ọdún díẹ̀, wálnọ́ọ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí tábìlì ìdíje. Òjò kò kàn án, oòrùn kò kàn án, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ya wá lẹ́nu ni pé igi tún padà. Àwọn oníṣẹ́ kan sọ pé fáíbà dára, ṣùgbọ́n pé bí ìbọn bá yìn, ó ń gbọ̀n bí agogo, kò tètè dákẹ́. Igi a máa gbé ìgbọ̀n náà mì. Ni wọ́n bá mú igi tó fúyẹ́ jù lọ, irú bíi kédárì àti bálsà tí ọmọdé fi ń ṣe bàálù ìṣeré, wọ́n là á wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi aṣọ káábọ̀nù sáàárín wẹ́wẹ́ kan àti èkejì, lóròó, bí ìgbà tí a bá to búrẹ́dì tí a sì fi ẹran sáàárín. Káábọ̀nù ń fún un ní agbára kí ó má tẹ̀, igi ń mú kí ó fúyẹ́ kí ó sì dákẹ́. Terry Leonard wà lára àwọn tí a mọ̀ dáadáa mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá fi vánìṣì kùn ún bo gbogbo ojú rẹ̀, omi kò ríbi wọlé. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ti ìgbọ̀n yìí ni ó ń mú un yege tàbí ti fífúyẹ́ rẹ̀ nìkan. Àwa gbà pé fífúyẹ́ ló jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé e lọ́wọ́ tó sì ti fi ìka kàn án tó gbọ́ ìró rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Igi tó dára kò tíì tó. Bí irin ṣe máa wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Lára ìbọn lásán, bóòtù méjì ni wọ́n fi ń fa ilé ọta mọ́ igi. Bí ojú igi tó gbé e kò bá bá ìsàlẹ̀ irin náà mu rẹ́gí, bí a ti ń fún bóòtù ni irin ń tẹ̀, àtẹ̀ríba tí ojú kò rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbẹ́ ojú ibẹ̀ jìn díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á fi òpó aluminí kékeré méjì síbi tí bóòtù máa gbà kí igi má baà fún pọ̀, wọ́n á wá po gọ́ọ̀mù alápòpọ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ sí Araldite, sójú rẹ̀. Wọ́n á fi òróró ìdá pa irin náà kí ó má baà lẹ̀, wọ́n á sì gbé e lé gọ́ọ̀mù náà láìfún un mọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ, ó ti gba àwòrán irin náà bí ẹrẹ̀ ti í gba àwòrán ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé, ẹ fi ìka kan sáàárín ọ̀pá àti iwájú igi, kí ẹnìkejì tú bóòtù kan díẹ̀. Bí ìka yín bá gbọ́ pé ọ̀pá mira, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan igi níbikíbi níwájú ilé ọta. Owó bébà ni wọ́n fi ń dán an wò: ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọ̀pá kọjá láìháá. Nítorí ọ̀pá tó bá gbóná ń gùn sí i, bó bá sì ń fara ro igi, ibi tí igi bá tì í sí ni ọta ń lọ.

Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa bóòtù. Wọn kì í fi òróró ìdá pa irin rárá. Wọ́n á jẹ́ kí gọ́ọ̀mù lẹ ilé ọta mọ́ igi títí ayé. Bí ọ̀pá bá gbó, wọ́n á tú u kúrò níwájú ilé ọta bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, wọ́n á lọ́ tuntun mọ́ ọn, igi kò ní í mọ̀. Lójú tiwa, èyí ni ìgbéyàwó tó fi ọkàn balẹ̀ jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ilé ọta náà lọ sínú igi mìíràn ní láti fi ooru tú gọ́ọ̀mù, ọwọ́ tí kò bá sì gbọ́n lè ba igi jẹ́.

Gbogbo ohun tí a ti sọ, àpò yanrìn ni a fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ènìyàn náà ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń díje pín sí. Àwọn ti àkọ́kọ́ kì í fọwọ́ kan ìbọn rárá, àfi ìka tó ń fà á. Wọ́n á jẹ́ kí ó sún wá bá èjìká wọn fúnra rẹ̀. Fún irú wọn, igi kò nílò ìmúlọ́wọ́. Ohun tó bá ga tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè fara kàn yóò kan bà á jẹ́ ni. Àwọn ti ìkejì ń dì í mú dáadáa, wọ́n á fi èjìká tì í, pàápàá bí ìbọn bá ta agbára. Àwọn wọ̀nyí nílò ìmúlọ́wọ́ tó bá ọwọ́ wọn mu àti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sinmi lé. Ẹni tó bá gbé igi ẹni kejì yóò rí i pé ihò rẹ̀ ń fẹ̀ láìmọ ohun tó fà á. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ gidi fi máa ń bèèrè bí o ṣe ń jókòó kí ó tó bèèrè irú àwọ̀ tí o fẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ki ọta náà kan igi. Púpọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyí ní irin ìfà ní apá ọ̀tún, wọ́n sì ṣí ojú tí ọta ń gbà wọlé sí apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á fa irin sẹ́yìn, ọwọ́ òsì á ki òmíràn, ara kò ní í yí, ìbọn kò sì ní í mira lórí àpò. Ẹni tó yára lè yin márààrún kí afẹ́fẹ́ tó yí padà lórí pápá, nítorí àsíá kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ọta ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ gé igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ọwọ́ láti wọlé, síbẹ̀ kí ó má gé e débi tí yóò sọ agbára rẹ̀ nù níbi tí ilé ọta jókòó sí gan-an.

Bí iṣẹ́ bá parí, ìdánwò kan wà tí kò ná ènìyàn ní ọta kankan. Wọ́n á gbé ìbọn sórí àpò méjèèjì, wọ́n á fi àmì inú awò sójú ìlà kan tí wọ́n fà lóròó sórí bébà ní yáàdì 100. Ẹnìkan á máa fi ìka kan ti ìbọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà nínú awò. Bí àmì náà bá ń gun ìlà yẹn lọ sókè, tí ó sì ń gba orí rẹ̀ padà wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ìbọn síwájú, igi náà ti pé. Bó bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, wọ́n á kọ́kọ́ wo àpò ẹ̀yìn bóyá òun ni kò dúró déédéé. Bí kì í bá ṣe àpò, wọ́n á yí ìbọn dojú délẹ̀, wọ́n á mú sáńpépà, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ha ẹ̀gbẹ́ kan ìdí ìbọn náà, kí wọ́n tó tún gbé e padà sórí àpò láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.